Ọmọ fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀: níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kí ló sì yẹ kó mọ̀?

ÌyáÒṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, ti ṣe WAEC tán. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ ló ní òun fẹ́ kọ́, ìpinnu rẹ̀ kò sì yẹ̀. Kí n tó mú un lọ bá ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ mọ nǹkan mẹ́rin. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ ni kó lọ ni, àbí ká fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́? Ìwé ẹ̀rí wo ló níyì lẹ́nu iṣẹ́ yìí? Irinṣẹ́ wo la máa kọ́kọ́ rà? Kí ló yẹ kó ti mọ̀ tó bá fi máa pé ọdún kan, kó má lọ jẹ́ pé ọkọ̀ fífọ̀ àti oúnjẹ rírà ni wọ́n á fi ọdún náà ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Olùkọ́Tẹ́kíńkà:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, torí ibẹ̀ ni òbí ti máa ń ṣì í.

JSS 3 ni ẹnu ọ̀nà Government Technical College. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀, NABTEB ló sì ń ṣe ìdánwò àṣekágbá fún wọn, ìyẹn àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1992, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Benin City. NTC lorúkọ ìwé ẹ̀rí náà. Motor Vehicle Mechanic Work àti Auto Electrical Work ni ẹ̀ka méjì tó kàn wá níbẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ ní JSS 3 báyìí, ibẹ̀ ni kó yà sí. Àmọ́ ọmọ tó ti ṣe WAEC tán yóò kàn máa padà sẹ́yìn ni.

Ọ̀nà méjì ló kù fún tiyín. Tí kírẹ́díìtì rẹ̀ bá pé nínú ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti gẹ̀ẹ́sì, ó lè lọ ṣe ND Mechanical Engineering ní pólì. Yóò mọ ìdí tí nǹkan fi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọkọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ máa kàn níbẹ̀ kò ní tó nǹkan. Ọ̀nà kejì ni kó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kó wá máa gba ìwé ẹ̀rí lé e. Trade Test ti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà: Grade III ni ìbẹ̀rẹ̀, Grade I ló ga jù. Mo sọ ọ́ torí àwọn kan rò pé III ló ju I lọ. NSQ náà wà, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ti orílẹ̀-èdè; NBTE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tó wà ní Kàdúná ló ń bójú tó o, ìpele ìpele ni wọ́n sì ń gùn ún. Ohun tó dára nínú NSQ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni wọ́n fi ń wọn ẹni. Ẹ̀rí iṣẹ́ ni ọmọ máa kó jọ: fọ́tò, àkọsílẹ̀, ìfọwọ́sí ọ̀gá, kí olùyẹ̀wò tó wá wò ó bó ṣe ń ṣe é. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ni kó ti máa kọ gbogbo iṣẹ́ tó bá ṣe sínú ìwé kan: ọjọ́, irú ọkọ̀, ẹ̀sùn oníbàárà, ohun tí wọ́n dán wò, ohun tí wọ́n rí.

Ìmọ̀ràn tèmi ni ọ̀nà kejì yìí. Físíìsì tó kà ní girama kò ní ṣòfò. Volt, amp, ohm, ìfúnpá, gbogbo rẹ̀ ló máa bá pàdé nídìí ọkọ̀.

Sípánà14:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ṣùgbọ́n irú ọ̀gá tí ẹ bá mú ni irú mẹkáníìkì tí ọmọ máa dà. Ẹ má fi iye ọkọ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ọ̀gá. Ọkọ̀ tí koríko ti hù yí ká kì í ṣe àmì pé oníbàárà pọ̀. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ máa wò.

Tí ọkọ̀ bá wọlé, ṣé ọ̀gá ń béèrè ọ̀rọ̀ kó tó mú sípánà? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé láàárọ̀ ni, àbí tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná? Kí ni wọ́n ṣe sí i gbẹ̀yìn? Ọ̀gá tó bá kàn gbọ́ ìró lásán tó ní "púlọ́ọ̀gì ni, ẹ lọ rà á wá," owó oníbàárà ló fi ń dánwò, àṣà yẹn náà ni ọmọ máa kọ́.

Tó bá ń tú nǹkan, níbo ló ń kó bọ́ọ̀tì sí? Bọ́ọ̀tì ara jíà tàbí ara ìdérí ẹ́ńjìnnì kì í gùn dọ́gba. Tí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ sínú agolo kan pẹ̀lú iyanrìn, èyí tó gùn máa bọ́ sí ihò kúkúrú, á kan ìsàlẹ̀ kó tó di ohun tó yẹ kó dì, wọ́n á sì máa fagbára yí i títí ara ẹ́ńjìnnì á fi sán. Ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lo abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí páálí tí wọ́n ya àwòrán ìdérí náà sí tí wọ́n wá ń gún bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀.

Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá wà lábẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Rọ́bà kékeré tó wà nínú jáàkì ló ń dá ọ́ìlì dúró, ọjọ́ tó bá já kì í ránṣẹ́ síwájú. Stand méjì (irin ẹlẹ́sẹ̀ tó ń gbé ọkọ̀ dúró) lábẹ́ férémù, òkúta tàbí igi nídìí táyà tó wà nílẹ̀, ká sì mi ọkọ̀ náà wò kí ẹnikẹ́ni tó ra wọ abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kì í ṣe stand, wẹ́rẹ́ ló ń fọ́.

Ìparí ni àdéhùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Iye ọdún (mẹ́ta sí mẹ́rin ló wọ́pọ̀), owó àti ìgbà tí wọ́n máa san án, ẹni tó máa ra irinṣẹ́, aago tí iṣẹ́ ń parí, ẹni tó máa san owó ìwòsàn tí ọmọ bá farapa, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ọ̀gá bá kó lọ sí ìlú mìíràn. Kí ẹ sì kọ ohun tí fírídọ̀ọ̀mù máa ná yín síbẹ̀. Ìnáwó yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́dún tó kẹ́yìn.

Rẹwáyà_Gate:
Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Láyé àtijọ́, mẹkáníìkì lọ́tọ̀, rẹwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) lọ́tọ̀. Ọkọ̀ òde òní kò mọ ààlà yẹn mọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ́dún yìí tí kò lè lo mítà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná), ìdajì iṣẹ́ ló ń kọ́.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ni bátìrì. Bátìrì tó kún, tí wọn ò tíì lò fún wákàtí díẹ̀, máa ka nǹkan bíi 12.6 volt. 12.4 ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, 12.0 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí wọ́n bá ń fún ọkọ̀ ní kick (tí wọ́n ń jí i), kò yẹ kó já wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Tó bá dúró sí 12.4 tí ẹ́ńjìnnì ń dún, alternator (ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì) kò ṣiṣẹ́ nìyẹn, tàbí wáyà rẹ̀ ti já.

Èyí tó kàn yìí ni èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í mọ̀. Ọkọ̀ kan ń fà lọ́ra tí wọ́n bá fún un ní kick. Bátìrì kún. Wọ́n pààrọ̀ kick starter (ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì), kò yí padà. Wọ́n fi mítà wo wáyà gbọọrọ tó ti bátìrì wá, mítà ń dún "píì", wọ́n ní wáyà kò ní nǹkan ṣe. Irọ́ ni. Tó bá jẹ́ okùn ìdẹ kan ṣoṣo ló kù nínú wáyà náà, mítà yóò ṣì dún, torí iná tí mítà ń rán kọjá kò tó nǹkan. Kick starter ń fa amp 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: tí ìdènà 0.01 ohm péré bá wà lójú ibi tó ti dípẹtà, 0.01 lọ́nà 150 jẹ́ volt 1.5 tó ti ṣòfò sójú ọ̀nà.

Bí wọ́n ṣe ń mú un nìyí. Fi mítà sí DC volt. Ọwọ́ pupa lórí orí bátìrì gan-an, ìyẹn òjé rẹ̀, kì í ṣe orí irin tó dì í mú. Ọwọ́ dúdú lórí nọ́ọ̀tì ńlá tó wà lẹ́yìn kick starter. Kí ẹnìkan fún un ní kick. Tí mítà bá ka ju 0.5 lọ, ọ̀nà yẹn kò mọ́. Ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ odi: láti orí odi bátìrì sí ara ẹ́ńjìnnì, kó má ju 0.2 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, wáyà ẹ́ṣì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì ni kí wọ́n tú, kí wọ́n fi pépà kíkankíkan nù ún dé ibi tó ń dán, kí wọ́n tún un dì. Owó tí kò tó nǹkan ni.

ÌyáÒṣogbo:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹnìkan níbí sọ fún wa pé kò sídìí fún mítà, pé iná téṣítà oníbọ́ọ̀bù tó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rẹwáyà_Gate:
Téṣítà dára fún fíúsì, iná ẹ̀yìn, hóònù, ibi tí iná ti pọ̀. Àmọ́ bọ́ọ̀bù inú rẹ̀ ń fa iná. Kí wọ́n má gún un mọ́ wáyà tó ń lọ sí brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) tàbí sí sẹ́ńsọ̀ láéláé. Volt 5 ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń lò, ẹ lè fi téṣítà jó ohun tó wà nínú brain box láì mọ̀. Mítà kì í fa iná tó lè ṣe é ní nǹkan.

Àti pé tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ bátìrì lálẹ́, mítà nìkan ló lè sọ. Wọ́n á tú orí odi, wọ́n á ki mítà sáàárín ní ojú ihò 10A, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tó sùn. Tó bá ṣì ju 50 milliamp lọ, kí wọ́n máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà á fi já wálẹ̀. Fíúsì tó já a wálẹ̀ ló ń tọ́ka sí olè náà. Kí ẹnikẹ́ni má fún ọkọ̀ ní kick nígbà tí mítà ṣì wà láàárín o. Fíúsì inú mítà á jó lójú ẹsẹ̀.

ỌmọLadipọ̀:
Lórí irinṣẹ́: ẹ má ra àpótí aláràbarà oníirinṣẹ́ 200 tí wọ́n ń gbé kiri. Ìdajì rẹ̀ kò ní wúlò, ìdajì tó kù á tẹ̀. Toyota àti Honda ló pọ̀ jù lọ́nà, nítorí náà sọ́kẹ́ẹ̀tì 8, 10, 12, 14, 17, 19 àti 21 ló tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó jẹ́ olójú mẹ́fà; olójú méjìlá máa ń bó orí nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà. Ratchet (ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí sọ́kẹ́ẹ̀tì) méjì, 3/8 àti 1/2. Sípánà olórí méjì ní ìwọ̀n kan náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì púlọ́ọ̀gì 16 tó ní rọ́bà nínú. Píláyà, sukudiráfà, feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo), mítà, iná tí wọ́n ń dè mọ́ orí. Bàtà onírin lẹ́nu kì í ṣe afẹ́. Torque wrench (sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó) lè dúró di ọdún kejì tí ọ̀gá bá ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nọ́ńbà 10 ló máa ń sọnù jù, kó ra méjì.

Lórí ẹ̀yà ara ọkọ̀: kó kọ́ láti ka nọ́ńbà ara nǹkan. Kì í ṣe "púlọ́ọ̀gì Corolla" là ń rà. Nọ́ńbà ọdún, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà ara ẹ̀yà náà. Kó máa mú èyí tí wọ́n tú dání lọ sọ́jà, kó fi ṣe ẹnu kan náà, ìga kan náà, orí wáyà kan náà. Tòkunbọ̀ dára fún jíà, alternator, ilẹ̀kùn. Kò dára fún bíréèkì, bẹ́lítì, rọ́bà, ẹ̀rọ tó ń fa epo. Rọ́bà tó ti lo ọdún mẹ́wàá lójú òtútù lókè òkun ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Sípánà14:
Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè ọdún kìíní, torí òun ló wà lọ́kàn ìyá wa jù.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, sáfíìsì, ìyẹn pípààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó kú látàrí sáfíìsì tí wọn ò ṣe dáadáa pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Corolla 2003 sí 2008 oníẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó kún ìgboro. Ọ́ìlì 3.7 líta ló ń gbà pẹ̀lú fílítà tuntun. Gálọ́ọ̀nù líta mẹ́rin kì í wọ inú rẹ̀ tán, àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wà. Bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ nọ́ńbà 14 ni, wọ́ṣà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Tí fílítà bá jáde, kí ó fọwọ́ kan ojú ibi tó ti jáde kó rí i pé rọ́bà ti àtijọ́ bá a jáde. Tí rọ́bà ti àtijọ́ bá lẹ̀ síbẹ̀ tí wọ́n wá dé tuntun lé e, rọ́bà méjì kì í dì pọ̀. Ọ́ìlì á tú jáde lójú títì, kí awakọ̀ tó rí iná pupa, ẹ́ńjìnnì ti gbá. Kí ó fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà tuntun, kó fọwọ́ yí i títí á fi kàn, kó tún wá yí i ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yíyí kan. Ọwọ́ nìkan, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Oṣù mẹ́ta kejì, táyà, bíréèkì àti abẹ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla yìí, 103 newton-mita (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí i) ni, kí wọ́n máa dì í ní ìdojúkọ ara wọn bí ìràwọ̀. Tí wọ́n bá ń fi páìpù gígùn fa á bó ṣe wù wọ́n, dísíkì máa wọ́, bíréèkì á máa gbọ̀n lójú ìrìn. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 3 tuntun tí kì í hó títí di 205°C, tó bá ti fa omi tó, yóò máa hó nísàlẹ̀ ìyẹn, bíréèkì á sì rọ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Kí wọ́n má lo èyí tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ látọdúnmọ́dún. Tí wọ́n bá ń yọ atẹ́gùn, táyà tó jìnnà jù sí ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì, fún ọkọ̀ oníṣitiárì òsì. Àwọn ọkọ̀ oní-ABS (bíréèkì tí kọ̀ǹpútà ń darí kí táyà má bàa yọ̀) kan ní ètò tiwọn, ìwé ọkọ̀ náà ló ń sọ ọ́.

Oṣù mẹ́fà tó kù: ìtutù ẹ́ńjìnnì, iná, síkánà (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí brain box ṣàkíyèsí). Ẹ́ńjìnnì tú-palẹ̀ kò sí nínú ọdún kìíní. Kó máa wò, kó máa fọ nǹkan, kó máa ka nọ́ńbà fún ọ̀gá.

BàbáRadíétọ̀:
Ẹ gbà mí láyè lórí ìtutù ẹ́ńjìnnì, torí ibẹ̀ ni àṣà búburú pọ̀ sí jù nílẹ̀ wa. Ọkọ̀ bá gbóná, mẹkáníìkì á yọ thermostat (ìdérí kékeré tó ń ṣí fún omi ẹ́ńjìnnì láti lọ sí radíétọ̀ tó bá ti gbóná tó), á ní "ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀." Ọmọ tó bá kọ́ èyí yóò fi ba ọkọ̀ jẹ́ títí ayé rẹ̀. Thermostat kì í mú kí ọkọ̀ gbóná. Ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni. Tí kò bá sí, brain box á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa da epo púpọ̀ sí i, owó epo á lọ sókè, ọ́ìlì á máa dọ̀tí, síkánà á sì gbé kọ́ọ̀dù P0128 jáde, pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ. Ohun tó ń mú ọkọ̀ gbóná gan-an, fáànù tí kò yí ni, tàbí radíétọ̀ tó dí, ìdérí radíétọ̀ tó ti gbó, tàbí gáskẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì tó ti jó.

Kí ó kọ́ láti dán an wò. Ìkòkò omi lórí sítóòfù, thermostat tí wọ́n fi okùn so kọ́ sínú omi, kó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, tẹ̀mómítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti 1ZZ-FE yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84°C. Wọ́n á rí i bó ṣe ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀, títí á fi ṣí tó bíi mílímítà 10. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kó sì pa ẹnu dé bó ṣe ń tutù. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní àrùn. Tí wọ́n bá ń dá a padà, ihò kékeré tó ní irin tó ń mì nínú gbọ́dọ̀ wà lókè kí atẹ́gùn lè ráyè jáde.

Omi ẹ̀rọ kì í ṣe kúláńtì. Ìpẹtà ló ń dá sílẹ̀, kò sì ní ohun tó ń pa rọ́bà ẹ̀rọ omi mọ́. Kúláńtì tí wọ́n ti pò kí wọ́n má bu omi lé e. Èyí tó ki, ìdajì sí ìdajì pẹ̀lú omi tí kò ní ìyọ̀. Ìdérí radíétọ̀ gbígbóná, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn án. Ìfúnpá ló ń di omi yẹn mú tí kò fi hó. Tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ló máa ń bá.

Tó bá sì jẹ́ pé gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ, kí wọ́n má dé tuntun lórí ojú tí wọn ò wọ̀n. Rúlà irin tó gún, feeler gauge 0.05mm. Tó bá wọ abẹ́ rúlà, orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́ nìyẹn, ó di ọwọ́ àwọn tó ń fá a. Bọ́ọ̀tì mẹ́wàá ni orí ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ní, láti àárín lọ síta ni wọ́n ti ń dì í: 49 newton-mita yíká, lẹ́yìn náà ìyí 90 dígíríì fún ìkọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí orí bọ́ọ̀tì kí wọ́n lè rí èyí tó ti yí.

SíkánàKìíPuró:
Kọ́ọ̀dù kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà tí wọ́n máa lọ rà. Èyí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ. Síkánà ń sọ ohun tí brain box rí, kò sọ ohun tó fà á.

P0171 ló dára jù láti fi kọ́ ọ. Ó túmọ̀ sí pé epo kéré sí atẹ́gùn. Mẹkáníìkì kan á ra oxygen sensor, ẹlòmíràn á ra nọ́sù tó ń fín epo. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo fuel trim lójú síkánà, ìyẹn ìdá ọgọ́rùn-ún epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò, èyí ti ìgbà kúkúrú àti èyí ti ìgbà gígùn, kí wọ́n rò ó pọ̀. Láàárín -10 sí +10 kò burú. Ká ní ó ka +28 nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró jẹ́ẹ́, tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ dé 2500 rpm (iye ìyí ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan) tó sì já sí +6. Atẹ́gùn ń wọlé níbì kan lẹ́yìn MAF (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì) nìyẹn: ọ̀sì tó ya, gáskẹ́ẹ̀tì tó gbẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá dúró jẹ́ẹ́, ihò kékeré jẹ́ nǹkan ńlá lójú atẹ́gùn díẹ̀; tó bá sáré, ihò kan náà kò já mọ́ nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń pọ̀ sí i, epo kò tó nìyẹn. Kí wọ́n wọn ìfúnpá epo (44 sí 50 psi fún 1ZZ-FE), tàbí kí wọ́n wo MAF tó dọ̀tí. Nǹkan fífín tí wọ́n ṣe fún MAF ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kí òwú má kan wáyà inú rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún wọn: kí wọ́n má fín pẹtiróòlù sára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láti fi wá ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Omi lásán nínú ike ìfín ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìró ẹ́ńjìnnì á yí padà tí omi bá bo ihò náà.

Lọ́ńdọ̀nù_MOT:
Tí ọmọ bá ní lọ́kàn láti rìnrìn àjò, kó mọ̀ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ẹ̀rí mẹkáníìkì ti àjọ IMI, Level 2 àti Level 3, ni àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe àyẹ̀wò MOT (àyẹ̀wò ọdọọdún pé ọkọ̀ yẹ lójú títì) gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí ti àjọ ASE ni: ìdánwò A1 dé A8 fún ọkọ̀ kékeré, pẹ̀lú ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ sì lè rọ́pò ọdún kan nínú rẹ̀. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún un ṣe. Ìwé àkọsílẹ̀ tí olùkọ́ sọ lókè yẹn, òun gan-an ni wọ́n á fi wo ìrírí rẹ̀.

GáàsìÀtiHybrid:
Ọ̀nà méjì ló ń ṣí sílẹ̀ báyìí, àwọn méjèèjì ló sì lè pààyàn. CNG (gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ láti fi wa ọkọ̀) kọ́kọ́. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 2023 ni wọ́n ti ń yí ọkọ̀ sí gáàsì. Ìfúnpá inú sílíńdà CNG ń lọ tó 200 bar. Sílíńdà gáàsì ìdáná kò lè gbà á láéláé, ẹ kò sì gbọdọ̀ jó sílíńdà kankan pọ̀. Ní oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù níbi tó ti ń gba gáàsì ní Benin City. Àwọn aláṣẹ ní sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀ ló fà á. Kí ọmọ má fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí àfi lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ.

Hybrid (ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì ńlá pọ̀): wáyà olómi ọsàn, kó má fọwọ́ kàn án. Bátìrì ńlá Prius ìran kejì jẹ́ 201.6 volt. Wọ́n á pa ọkọ̀, wọ́n á gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jìnnà, wọ́n á tú bátìrì kékeré, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́ aláàbò 1000 volt kí wọ́n tó yọ service plug (púlọ́ọ̀gì tó ń já iná bátìrì ńlá), wọ́n á sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná inú rẹ̀ tó kú. Kí wọ́n tún fi mítà wò ó kí wọ́n tó gbà pé ó kú.

ÌyáÒṣogbo:
Ọlọ́run á bù kún yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Obìnrin ni. Wọ́n ń sọ pé agbára rẹ̀ kò ní ká a.

Olùkọ́Tẹ́kíńkà:
Gígùn ọwọ́ irinṣẹ́ ló ń tú nọ́ọ̀tì, mà. Ọ̀pá onímítà kan pẹ̀lú ìwúwo kílò 30 ní ìparí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 newton-mita, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta ohun tó dì nọ́ọ̀tì táyà. Ohun tó wúwo, ẹ̀rọ ló ń gbé e, fún àwọn ọkùnrin pàápàá. Láti 2004 ni Sandra Aguebor ti dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ tí ó ń fi iṣẹ́ yìí kọ́ àwọn obìnrin. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ní ṣọ́ọ̀bù ni pé: ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ wà, ṣé àyè wà tó ti lè pààrọ̀ aṣọ, ṣé ọ̀gá kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan dá wà pẹ̀lú oníbàárà lẹ́yìn aago mẹ́fà. Ẹ fi í sínú àdéhùn. Irun rẹ̀, kó dì í sínú fìlà. Yẹtí àti òrùka, ilé ni kó fi wọ́n sí. Òrùka tó bá kan orí bátìrì pẹ̀lú sípánà máa ń jó wọ ẹran ara.

Sípánà14:
Àtúnṣe díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé nọ́ńbà mi lọ: 103 fún nọ́ọ̀tì táyà àti 3.7 líta yẹn, ti Corolla tí mo dárúkọ ni. Kí ọmọ má fi di Honda, Kia tàbí ọkọ̀ akẹ́rù. Ojú ewé kìíní ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó ya tábìlì síbẹ̀: irú ọkọ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ìwọ̀n ọ́ìlì, ìdè nọ́ọ̀tì táyà, àlàfo púlọ́ọ̀gì. Kó máa fi inú ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé kún un. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣì ní ìwé wọn nínú àpò iwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.